Ìlà Kẹrin Nínú Lẹ́tà Hánà

Sátidé tó kọjá la sin bàbá àgbà mi ní Ìkòrò. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ látinú ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n lọ tẹ̀ ní Àkúrẹ́: ọdún tó di tíṣà, iye ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣe ọ̀gá, oko kòkó rẹ̀ lọ́nà Ìjurìn, àga tó fi ta ìjọ lọ́rẹ. Wọn ò dárúkọ Jàpáànì níbẹ̀ rárá. Mo jókòó sí ìlà kejì, inú ń bí mi débi pé mi ò lè bá wọn kọrin. Ọkùnrin tó dàgbà tó ẹni àádọ́rin ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èdè Jàpáànì àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ní Ìkòrò níbí, láìsí olùkọ́ kankan. Ẹ wá ka àga tó fi tọrẹ fún wa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀!

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi fò ó. Tí wọ́n bá dárúkọ Jàpáànì, wọ́n á ní láti sọ̀rọ̀ nípa ọdún tí gbogbo wa kóra jọ tí a ń parọ́ fún un. Èmi náà wà lára àwọn tó parọ́. Torí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí, kí ọkàn mi lè balẹ̀ díẹ̀, bó bá máa balẹ̀.

Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Tíṣà Àgbà. Bàbá lèmi ń pè é. Màmá mi ni àkọ́bí rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun sì ni àbíkẹ́yìn, ọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ìjerò ni Màmá ti ń ṣe tíṣà tirẹ̀, ó wá ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Bàbá nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó ní ọmọ tó bá gbé lọ́dọ̀ Bàbá òun ò ní ya òpònú. Òótọ́ ló sọ. Ó kàn gbàgbé láti sọ fún mi pé ọmọ náà ò ní sinmi.

Bàbá le. Mi ò ní torí pé ó ti kú kí n wá sọ ọ́ di ẹni jẹ́jẹ́. Ó le ju ekùrọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀kì máa ń wà nínú fìlà rẹ̀, rúlà máa ń wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, báírò pupa sì máa ń wà lápò àyà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí mi. Báírò pupa yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ ju ọtí lọ ní Ìkòrò. Tó o bá mú lẹ́tà wá fún un pé kó bá ọ kà á, á kà á, á sì fi báírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀ kó tó dá a padà fún ọ. Ní ọjọ́ kan, ó kọjá lára pátákó ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i pé fíkà ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò tọ́ nínú ìkéde Ìkórè. Ó yọ báírò. Fíkà bínú, ó ránṣẹ́ pè é, ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni òun kọ síbẹ̀, kì í ṣe ìdánwò. Bàbá ní, "Àlùfáà, ó máa yé Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọ ló máa kà á."

Nígbà tí àwọn tó mọ̀wé ò tíì pọ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń kó lẹ́tà wá. Àwọn tó ní ọmọ ní Kàdúná, àwọn tí ọkọ wọn wà ní Jọ́ọ̀sì, gbogbo wọn á tò sórí bẹ́ǹṣì. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohun tó bá wà nínú lẹ́tà ló máa kà, kò ní fi kún un, kò sì ní fo nǹkan kan. Ọjọ́ kan ni obìnrin kan mú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti fẹ́ ẹlòmíràn, kí ìyàwó má ṣe yọjú síbi tí òun wà. Bàbá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin náà bi bẹ́ǹṣì wó, ó ké títí ó fi délé. Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá, wà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè fo ibẹ̀ ni? Ṣé ẹ ò ní àánú ni?" Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí odidi oṣù kan fi kọjá. Èsì tí Bàbá fún un, gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n lórí: "Lẹ́tà kì í ṣe ọbẹ̀ tí èèyàn ń ṣa ẹran inú rẹ̀. Bí mo bá fo ìlà kan lónìí, ta ló máa gbà mí gbọ́ lọ́la?"

Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun lọ sí Jàpáànì láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó parí ẹ̀kọ́, ó ríṣẹ́, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bí Hánà. Lóṣooṣù ló ń kọ̀wé sí Bàbá ní gẹ̀ẹ́sì, Bàbá á sì dá a padà fún un nínú ẹnfílóòpù tuntun, pẹ̀lú ìlà báírò pupa lábẹ́ àwọn àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá sílé. Ó gbé rédíò wá fún Bàbá, ó gbé aago wá. Bàbá dúpẹ́, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìwé wo ni wọ́n fi kọ́ ọ níbẹ̀?" Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé méjì yọ nínú báàgì. Ó mọ bàbá rẹ̀, ó ti kó wọn dání tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan kéré, ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ni. Èkejì nípọn bíi búrẹ́dì, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ni; gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi túmọ̀ Jàpáànì nínú méjèèjì. Bàbá ṣí ti kékeré, ó wo ojú ìwé kìíní títí, ó pa á dé. Ó ní, "Èyí á gbà tó ọdún kan." Ó fi ìwé ìròyìn wé méjèèjì, ó tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Inú oṣù Ògọ́sì ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá ò wá fún oṣù kan, ó di oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí Màmá ní Ìjerò, lẹ́tà dé láti Jàpáànì, orúkọ Màmá ló wà lára rẹ̀. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ló kọ ọ́, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó yé wa. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kú sí ọsibítù. Wọ́n ti ṣe ìsìnkú rẹ̀. Màmá ki ìró rẹ̀ bọ ẹnu kí àwọn ará ilé má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Bàbá Kékeré sáré wá. Ó sunkún, ó nu ojú, ó di àgbà padà. Ó ní wọn kì í sáré sọ ikú ọmọ fún baba. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ wa: àwọn àgbà ilé ló gbọ́dọ̀ kóra jọ, kí wọ́n lọ bá a ní ìdájí, kí wọ́n jókòó yí i ká, kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n tó sọ ọ́. Kò burú. Ta ló sọ pé ó burú? Ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe é. Bàbá Kékeré ní, "Ẹ jẹ́ ká ta kòkó tán ná, kí ara ẹ̀gbọ́n mi le díẹ̀." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní tí mo bá la ẹnu mi, èmi ni mo pa Bàbá.

Bébà kan wà nínú ẹnfílóòpù náà tí wọ́n ká mẹ́rin. Hánà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí bàbá àgbà rẹ̀. Ìlà mẹ́fà ni, lédè Jàpáànì. Ó ya òdòdó kan sísàlẹ̀, ó sì ya bàbá arúgbó kan tó dé fìlà. Àánú ṣe Màmá. Ó ní ó kéré tán, kí Bàbá rí nǹkan kan gbà láti Jàpáànì lóṣù yẹn. Bàbá Kékeré yẹ bébà náà wò lójú lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ fún un. Ta ló máa ka ẹsẹ̀ adìyẹ yìí ní Ìkòrò?"

Àfi àwa! Ẹni tó ń fi báírò pupa tún ìkéde fíkà kọ, òun la fún ní lẹ́tà tí kò lè kà, a wá rò pé á gbé e kọ́ ògiri, á máa wo òdòdó. Kò sẹ́ni tó rántí ìwé méjì inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń bá bàbá wọn gbé? Mo ṣì ń bi ara mi léèrè.

Bàbá tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ nà án, ó pè mí. Ó ní, "Ọmọ ọmọ mi kọ̀wé sí mi. Èmi tí mo ti ka lẹ́tà gbogbo ayé, kí n wá máa gbé tèmi kiri, kí n máa wá ẹni tó máa bá mi kà á?" Mo ní kó jẹ́ ká dúró de Bọ̀ọ̀dá, pé Bọ̀ọ̀dá á túmọ̀ rẹ̀ fún wa tó bá kọ̀wé. Ó ní ìgbà wo ni Bọ̀ọ̀dá kọ̀wé gbẹ̀yìn? Ó ní kí n lọ mú sílétì méjì wá. Mo ní èwo ni ti sílétì méjì, ṣé èmi ni Hánà kọ̀wé sí ni? Ó na rúlà sí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Kíláàsì kì í jẹ́ ti ẹnì kan. Jókòó."

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ èdè Jàpáànì nìyẹn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbádùn họlidé. Láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, nínú ilé tí Bàbá ń kó kòkó sí. Ó fi èédú kọ álífábẹ́ẹ̀tì wọn sára ògiri, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, àwọn tí ò mọ̀dí ń rò pé oògùn ni. Mo kórìíra gbogbo rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní "nu" àti èyí tí wọ́n ń pè ní "me" jọra bí ìbejì, ìrù kékeré kan ló yàtọ̀. Tó o bá rò pé o ti mọ mẹ́wàá, tó o bá mọ ogún, mẹ́wàá àkọ́kọ́ á ti fò lọ. Wọn kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Lójú Bàbá, kò tó kí lẹ́tà rí bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibi tí ìwé sọ pé kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìlà lo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí mo bá ti ìsàlẹ̀ fà á lọ sókè, rúlà á bà mí lọ́mọ ìka. "Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, olè ni," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Kò sì rọrùn fún òun náà, ẹ má tan ara yín jẹ. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ó máa ń gbé ìwé sún mọ́ imú. Nígbà tó rí i pé wọ́n máa ń fi ìlà kéékèèké méjì sórí àwọn lẹ́tà kan, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Háà! Àwọn náà ní àmì ohùn!" Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń kọ́ mi ní dò-rè-mí lórí lẹ́tà Jàpáànì, ó ń fi ọwọ́ júwe òkè àti ilẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún ló kà á síwájú, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, pé ńṣe ni wọ́n fi ń sọ "ka" di "ga". Ó ju ṣọ́ọ̀kì mọ́ ògiri. Ó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó kọ gbogbo rẹ̀ padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò jẹun, ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí?"

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ jíṣẹ́ fún Bàbá Kékeré nípa ibi tí Bàbá bá a dé. Wọ́n ti sọ mí di amí. Bàbá Kékeré ní, "Dà á rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ sáà ni ọmọdé, ìwọ ni ọpọlọ rẹ̀ pé." Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n rán ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kí n tó lè da ohun kan rú, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Torí náà ni mo ṣe ń jí ìwé náà kà láàárọ̀ tí Bàbá bá ti lọ sóko. Mi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀ rí fún ìdánwò kankan láyé mi. Mo ka lẹ́tà Hánà tán ṣáájú Bàbá pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìlà kìíní: Bàbá àgbà, ṣé dáadáa lẹ wà? Ìlà kejì: èmi ni Hánà. Ìkẹta: mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìkẹrin: bàbá mi kú. Ìkarùn-ún: màmá mi ń sunkún. Ìkẹfà: mo fẹ́ rí yín.

Bébà ọmọdé ni a pè é! Òun gan-an ló gbé òkú náà dání.

Ọjọ́ tí Bàbá túmọ̀ ìlà kìíní, ó jáde sí títì. Obìnrin kan ń gbé ẹ̀gẹ́ kọjá, Bàbá dá a dúró, ó ní, "Ọmọ ọmọ mi ní Jàpáànì ní ṣé dáadáa ni mo wà!" Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà, ẹ bá mi kí i." Bàbá dojú kọ ọ̀nà, ó pariwo bí ẹni pé Hánà wà ní òdì kejì títì: "Dáadáa ni mo wà o! Dáadáa ni mo wà!" Mo sá lọ sẹ́yìn ilé kòkó, mo sunkún. Inú ń bí mi sí Màmá, inú ń bí mi sí Bàbá Kékeré, inú ń bí mi sí Bọ̀ọ̀dá tó lọ kú síbi tó jìnnà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọkitóbà, ó dé ìlà kẹrin. Ó mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ó ti wà nínú ìwé kékeré: bàbá mi. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìlà yìí ni ìròyìn Ṣẹ́gun. Bóyá wọ́n ti fi í jọ̀gá. Bóyá ó ń bọ̀ nílé fún Kérésì." Ṣùgbọ́n nínú èdè yẹn, ohun tí èèyàn ṣe ló máa ń gbẹ̀yìn. O lè mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, kó o má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i títí wàá fi dé òpin. Bàbá wo òpin ìlà náà títí ojú fi ń ro ó. Ó ní, "Ẹni tó dá èdè yìí sílẹ̀ fẹ́ fi sùúrù pa èèyàn ni. Ó tó fún òní. Lọ́la, a máa wá a nínú ìwé ńlá."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ń sun oorun ọ̀sán, mo ṣí ìwé atúmọ̀ náà, mo wá ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ yẹn wà, mo fà á ya. Mo fi ọwọ́ ara mi fa ìwé ya nínú ilé Tíṣà Àgbà. Mo sọ ọ́ sínú iná lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà, mo dúró títí ó fi jóná tán.

Ní aago mẹ́rin, Bàbá jí, ó bọ́jú, ó ṣí ìwé. Mo ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń ṣí i lọ. Ó dé ibẹ̀. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó fi ọmọ ìka gba ibi tó ti ya, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ti na ọwọ́ mi sílẹ̀ fún rúlà nínú ọkàn mi. Kò wò mí. Ó pa ìwé dé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú ti kékeré, ó lọ dá jókòó síta pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a tún jókòó sí kíláàsì, ó ní, "Fo ìlà kẹrin. Ká lọ sí ìkarùn-ún."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin tí kò fo ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀ ní kí n fo odidi ìlà. Ká ní mo gbọ́n ni! Ayọ̀ kún inú mi, mo sáré lọ sọ fún Bàbá Kékeré pé ọ̀rọ̀ náà ti sú Bàbá. Ó gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní mo ṣe bí ọmọ gidi. Nígbà tí a túmọ̀ ìlà karùn-ún tán, pé màmá Hánà ń sunkún, mo ń retí kí Bàbá bèèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Kò bèèrè. Ó ní kí n kọ ọ́ ní ìgbà ogún, kí ọwọ́ mi lè dára sí i.

A ta kòkó tán. Bàbá Kékeré ní ẹ jẹ́ kí Ìkórè kọjá. Ìkórè kọjá, ó ní ẹ jẹ́ kí Kérésì kọjá, wọn kì í fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ba ọdún jẹ́. Màmá ń wá láti Ìjerò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Bàbá á ní, "Iṣẹ́ ò ní pa á o." Màmá á sá wọ ilé ìdáná.

Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, Bàbá dá àṣà tuntun kan sílẹ̀. Ní ìdájí, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, á ti wẹ̀, á ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tòun ti fìlà. Á to àga sí pálọ̀, á jókòó sórí tirẹ̀, á dojú kọ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, á dìde, á bọ́ aṣọ náà, á mú àdá, ó di oko. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ta lẹ ń retí láàárọ̀ kùtù báyìí? Ó ní, "Àlejò lè dé." Mo lọ sọ fún Màmá pé orí Bàbá ti fẹ́ máa dàrú, pé ogbó ti dé. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu mi yìí. Mo rò pé mo gbọ́n.

Jánúárì wọlé, ọyẹ́ ń fẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Bàbá ránṣẹ́ sí Màmá pé kó wá sùn sílé. Ó ní kí n lọ sọ fún Bàbá Kékeré pé òun fẹ́ rí i ní ìdájí ọjọ́ kejì, kó mú àgbà méjì nínú ẹbí dání. Wọ́n rò pé ara rẹ̀ ò yá. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá a nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó to àga yí ká. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè ìyàwó àti ọmọ. Ó gbàdúrà. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, Màmá jókòó sọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ di ara yín mú. Ìròyìn tí mo ní fún yín ò dára." Ó sọ ọ́ gan-an bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́. "Ọmọ wa, Ṣẹ́gun, tó wà ní Jàpáànì, ó ti fi wá sílẹ̀. Ṣẹ́gun ti kú."

Bàbá Kékeré la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti fẹ́..." Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́. Láti Ọkitóbà ni mo ti ń wẹ̀, tí mo ń múra, tí mo ń to àga sílẹ̀ dè yín. Mo ní kí n má wulẹ̀ dójú tì yín, ẹ máa wá. Ẹ ò wá. Ìwé méjì ni Ṣẹ́gun fún mi, ọ̀kan ṣoṣo lẹ fà ya. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lójú ìwé tó gbẹ̀yìn ti kékeré." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ló wá jókòó tì mí, tó sọ fún mi pé ọmọ mi kú. Mo ti fèsì fún un. Mo ní mo ti gbọ́."

Màmá ti bo ojú. Bàbá Kékeré ń wo ilẹ̀, omi ń kán láti imú rẹ̀.

Bàbá ní, "Ó dáa, mo ti sọ ọ́ fún yín. Ẹ sunkún. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń dá ẹkún yìí sun."

Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, ó ṣubú lé e lẹ́sẹ̀. Bàbá ò gbé e dìde. Ó ṣí fìlà lórí, ó sì fi igbe ta, lójú gbogbo wa, bó ṣe yẹ kó ti ké láti ọjọ́ kìíní.